JAK2 màmá wa jáde ní negative, àmọ́ dókítà ṣì ní myelofibrosis lòun ń wá

ỌmọÌyáMẹ́rin

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ dákun ẹ bá mi dá sọ́rọ̀ yìí torí ó ti fẹ́ kọjá agbára mi. Màmá wa ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ pé ó ń rẹ àwọn, tí wọ́n bá gun àtẹ̀gùn díẹ̀ báyìí wọ́n á máa mí hẹlẹhẹlẹ, tó bá dòru wọ́n á làágùn débi pé wọ́n á pààrọ̀ aṣọ, oúnjẹ kékeré tí wọ́n bá fẹnu kàn wọ́n á ní àwọn ti yó. A rò pé ọjọ́ orí ni, àfìgbà tí dókítà fọwọ́ tẹ ikùn wọn tó ní ọlọ inú wọn, spleen yẹn, ti wú, ó ti sọ̀ kalẹ̀ láti abẹ́ ìhà òsì dé ẹ̀gbẹ́ ìdodo.

Èsì ẹ̀jẹ̀ wọn rèé: PCV (ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀) 25, sẹ́ẹ̀lì funfun 16, platelet (èyí tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì) 480, LDH, èròjà kan nínú ẹ̀jẹ̀, lọ sókè gan-an. Wọ́n tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn rí teardrop cells, sẹ́ẹ̀lì pupa tó rí bí omijé, àti pé sẹ́ẹ̀lì tí kò tíì gbó ti ń jáde sínú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ṣe tẹ́ẹ̀sì jíìnì kan, BCR-ABL, negative. Wọ́n ṣe òmíì, JAK2 V617F, negative. Wọ́n wá gún eegun ìbàdí pé káwọn fa mùdùnmúdùn, wọ́n fà á títí, nǹkan kan ò jáde, wọ́n kọ "dry tap" sórí ìwé. Dókítà ti wá ní ká padà wá kóun tún un gún, pé lọ́tẹ̀ yìí òun máa gé eegun díẹ̀ torí òun fura sí fibrosis, pé fọ́nrán ti kún inú mùdùnmúdùn, òun ni wọ́n fi ń pe àìsàn náà ní myelofibrosis.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé tí JAK2 bá ti jẹ́ negative, ṣé ọ̀rọ̀ myelofibrosis ò ti kúrò ńbẹ̀ ni? Kí ló sì dé tí wọ́n fẹ́ tún ìyá àgbà gún nígbà tí ti àkọ́kọ́ ò mú nǹkan kan wá, àbí ẹni tó gún un ni ò mọ̀ ọ́n ṣe? Èyí tí ò wá jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n wa obìnrin sùn ni pé wọ́n ní ọ̀rọ̀ jíìnì ni. Àwa mẹ́rin ni màmá bí, ẹni mẹ́ta jẹ́ AA, ẹnì kan AS, ṣé àwa náà máa lọ ṣe JAK2 ni?

Ará_Lábù

Ẹ kú ìtọ́jú màmá, ara á yá o. Lábù ẹ̀jẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mi ò rí màmá, mi ò sì rí slide wọn, torí náà ohun tí mo bá sọ, ẹ fi bi dókítà wọn léèrè.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bú ẹni tó gún un. Mùdùnmúdùn tó bá dáa máa ń rọ̀, sìríńjì á kàn fà á wá pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀. Tí fọ́nrán bá ti kún inú rẹ̀, fọ́nrán yẹn á há sẹ́ẹ̀lì mọ́bẹ̀, ẹni tó ń fà á á fà á títí, kò ní rí nǹkan kan, tàbí kó rí ẹ̀jẹ̀ lásán. Dry tap yẹn gan-an ti ń sọ nǹkan fún dókítà. Kì í ṣe fibrosis nìkan ló ń fà á o, hairy cell leukaemia, jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan, lè fà á, jẹjẹrẹ tó bá ti ibòmíì ràn wọnú eegun lè fà á, àmọ́ téèyàn bá kó o pọ̀ mọ́ spleen tó wú, LDH tó ga, teardrop àti sẹ́ẹ̀lì tí kò tíì gbó tó ń rìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀, ibi tí dókítà fura sí lèmi náà máa fura sí.

Èyí tí wọ́n fẹ́ ṣe báyìí yàtọ̀. Trephine ni wọ́n ń pè é. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ nípọn, ó níhò láàárín, wọ́n á máa yí i wọ ẹ̀yìn eegun ìbàdí kó lè gé eegun kékeré jáde tòun ti mùdùnmúdùn inú rẹ̀, bó ṣe tò síbẹ̀ náà ló máa tò jáde. Ó yẹ kó gùn tó sẹ̀ǹtímítà kan ààbọ̀ ó kéré tán, tó bá kúrú jù, ẹni tó fẹ́ kà á á kàn máa méfò ni. Tó bá dé ọ̀dọ̀ wa, a ò lè gé e wẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀, eegun ni kẹ̀, a ó kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú formalin, a ó wá yọ calcium inú rẹ̀ kó lè rọ̀, ìdí nìyẹn tí èsì rẹ̀ fi ń pẹ́ tí gbogbo ayé á wá máa pariwo lé wa lórí. Lẹ́yìn ìyẹn la máa fi silver kùn ún. Fọ́nrán tó ń jẹ́ reticulin á gba silver yẹn, á dúdú kirikiri, tó o bá gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù wàá rí bó ṣe ta kora. Tó bá jẹ́ ìlà díẹ̀díẹ̀ tí kò kan ara wọn, MF-0 nìyẹn, bó ṣe máa ń rí lára ẹni tí ara rẹ̀ dá. Tó bá ti ń kan ara wọn díẹ̀, pàápàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀, MF-1. Tó bá ti kárí tó sì dí, MF-2. MF-3 ni ìgbà tí collagen tó nípọn bá ti wọ ọ̀rọ̀, tí eegun fúnra rẹ̀ sì sábà máa ń nípọn sí i.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fojú sí gan-an ni pé fibrosis kì í ṣe orúkọ àìsàn. Ohun tí a rí nínú eegun ni. Ikọ́ ẹ̀gbẹ tó wọ eegun lè fà á, lupus lè fà á, jẹjẹrẹ ọmú tàbí ti prostate tó ti ràn, lymphoma, kódà àìtó fítámì D tó le gan-an, gbogbo wọn lè mú kí fọ́nrán hù níbẹ̀. Nítorí náà ẹni tó ń ka slide ò kàn ń wo fọ́nrán o, àwọn megakaryocyte ló ń wò, àwọn sẹ́ẹ̀lì ńláńlá tó ń ṣe platelet. Nínú myelofibrosis wọ́n máa ń pọ̀, wọ́n á kóra jọ síbì kan, nucleus wọn á rí ràgàjì, á ṣú bí ìkùukùu. Àwọn yẹn ló ń tú èròjà bíi TGF-beta síta tí wọ́n ń ti fibroblast, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe fọ́nrán, láti máa ta á. Fibroblast yẹn ò ní àyípadà jíìnì kankan lára tiẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló ń jẹ́.

Nínú ìlànà WHO ti 2016, kí wọ́n tó pè é ní myelofibrosis tó ti gbilẹ̀, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ MF-2 tàbí MF-3 pẹ̀lú megakaryocyte tí mo sọ yẹn, kó máà jẹ́ CML, jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan, tàbí ọ̀kan nínú àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀, kó sì ní àyípadà jíìnì kan, tàbí kó jẹ́ pé wọ́n ti wá gbogbo nǹkan míì tó lè fa fibrosis tì. Lẹ́yìn ìyẹn ó kéré tán kó ní ọ̀kan nínú nǹkan márùn-ún: àìtó ẹ̀jẹ̀ tí kò ní ìdí míì, sẹ́ẹ̀lì funfun tó tó 11 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, spleen téèyàn lè fọwọ́ tẹ̀, LDH tó ga, àti sẹ́ẹ̀lì tí kò gbó nínú ẹ̀jẹ̀. Pẹ̀lú ohun tẹ́ ẹ kọ, ó dà bíi pé màmá ní márààrún. Ohun tó kù ni eegun yẹn, kò sí ohun tó lè rọ́pò ẹ̀.

Ẹni_CALR

Èmi rèé o, JAK2 mi negative, myelofibrosis ló sì ń ṣe mí.

Ẹ tún ìwé èsì yẹn kà dáadáa. V617F lẹ kọ. Tẹ́ẹ̀sì yẹn, lẹ́tà kan ṣoṣo ló ń wò nínú jíìnì JAK2, tí kò bá ti rí lẹ́tà yẹn kó yí padà á ní negative, kò wo jíìnì míì rárá. Ọdún 2005 ni wọ́n rí V617F. Tẹ́ ẹ bá kó ọgọ́rùn-ún èèyàn tó ní myelofibrosis jọ, nǹkan bíi 60 ló máa ní in. Nǹkan bíi 20 sí 25 máa ní ti jíìnì míì tó ń jẹ́ CALR, tó jẹ́ pé ìparí 2013 ni wọ́n tó rí i, jíìnì kẹta, MPL, á mú bíi 5 sí 8, tí wọ́n rí i ní 2006. Àwọn bíi 10 tó kù ò ní èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, triple negative ni wọ́n ń pè wọ́n. Ká ní kó tó di 2013 ni mo ṣàìsàn ni, wọn ì bá kàn sọ pé kò sí àyípadà kankan lára mi.

Tèmi ni CALR type 1, lẹ́tà 52 ló já kúrò nínú exon 9, apá kan nínú jíìnì náà. Type 2 ní tiẹ̀, lẹ́tà 5 ló fi kún un. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán o, ó kan ìgbésí ayé, torí àwọn oní type 1 sábà máa ń pẹ́ láyé ju àwọn oní JAK2 lọ, triple negative ló sì máa ń le jù. Nítorí náà ẹ ní kí wọ́n ṣe CALR àti MPL fún màmá. Tí wọ́n bá lágbára ẹ̀, wọ́n tún lè wo àwọn jíìnì bíi ASXL1, SRSF2 àti EZH2, àwọn yẹn ló ń sọ bóyá àìsàn náà máa sáré tàbí kò ní sáré, ti ASXL1 yẹn kì í ṣe ìròyìn ayọ̀ tí wọ́n bá rí i.

Ti abẹ́rẹ́ eegun yẹn, mi ò ní purọ́ fún yín, ó ń dunni, àmọ́ kì í pẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ní kí n fi dùbúlẹ̀, kí n ká orúnkún sáyà. Abẹ́rẹ́ tó ń pa ara kú ló kọ́kọ́ ta mí, lẹ́yìn ẹ̀ mo kàn ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ti nǹkan wọnú eegun mi gírígírí, ìgbà tí wọ́n ń fà nìkan ni ìrora kan ta láti ìbàdí dé itan mi, mo pariwo, ó sì ti tán. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ tẹ́lẹ̀ tí màmá bá ń lo oògùn tó ń jẹ́ kẹ́jẹ̀ ṣàn. Tí wọ́n bá ṣe tán, kí wọ́n dùbúlẹ̀ lé ojú ibẹ̀ kó má baà ṣẹ̀jẹ̀.

Sọ̀rọ̀sókè

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́ fúnra wa, gbogbo ohun tó bá ti jẹ́ jíìnì, ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá ló ń ti wá, ẹni tó bá mọ AS àti SS mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ kó gbogbo ọmọ lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì jàre kó tó pẹ́ jù. Àti pé oògùn tí wọ́n ń lò fún un, JAK inhibitor lorúkọ ẹ̀, oògùn tó ń dí JAK, tí màmá ò bá ní JAK2 kí ni wọ́n fẹ́ dí? Owó lásán ni.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà

Sọ̀rọ̀sókè, ẹ rọra o, ẹ máa dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ.

AS àti SS, inú oyún ni wọ́n ti bá a wá, gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara ló wà, títí dé ẹyin obìnrin àti àtọ̀ ọkùnrin, ìdí nìyẹn tó fi ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ. V617F, CALR àti MPL tí wọ́n ń wí yìí, inú stem cell kan ṣoṣo nínú mùdùnmúdùn ló ti ṣẹlẹ̀, sẹ́ẹ̀lì tó ń bí àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀. Àwọn ọmọ tí sẹ́ẹ̀lì yẹn bá bí nìkan ló máa gbé e. Kò sí nínú awọ ara, kò sí nínú ẹyin, torí náà màmá ò lè bí i mọ́ yín. Ó lè ti ṣẹlẹ̀ tipẹ́ o, ìwádìí ti fi hàn pé JAK2 ẹlòmíì ti yí padà ní ọ̀pọ̀ ọdún kí àìsàn tó yọjú, ti ẹlòmíì tiẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó bí i, síbẹ̀ kì í ṣe ọ̀dọ̀ òbí ló ti gbà á. BCR-ABL tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe náà bẹ́ẹ̀ ló rí, krómósóòmù 9 àti 22 ló fi ara wọn ṣe pàṣípààrọ̀, ó ń ṣẹlẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ ni, òun ló sì ń fa CML. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ ìyẹn kúrò torí CML náà lè mú spleen wú, kó sì mú fọ́nrán hù, oògùn tirẹ̀ sì yàtọ̀ pátápátá.

Mi ò ní sọ pé ẹbí ò kan ọ̀rọ̀ náà rárá ṣá. Àwọn olùwádìí Sweden gbé ìwádìí kan jáde ní 2008 lórí àwọn òbí, ọmọ àti ọmọ ìyá àwọn tó ní myelofibrosis àtàwọn àìsàn ẹ̀jẹ̀ tó jọ ọ́, wọ́n rí i pé ewu kí wọ́n ní ọ̀kan nínú wọn tó ìlọ́po 5 sí 7 ti ẹlòmíì. Ó ń dẹ́rù bani téèyàn bá gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ myelofibrosis ṣọ̀wọ́n, nínú 100,000 èèyàn bóyá la fi rí ju ẹnì kan lọ tó máa bẹ̀rẹ̀ sí í ní in lọ́dún kan. Ìlọ́po 7 nǹkan tó kéré tó yẹn, kékeré náà ni. Ohun tí wọ́n lè jogún ni ara tó tètè gba àyípadà yẹn láyè, ọ̀pọ̀ èèyàn tí nǹkan kan ò ṣe ló sì ní irú ara bẹ́ẹ̀. Àwọn ìdílé kan wà tó jẹ́ pé wọ́n jogún MPL tó yàtọ̀ lóòótọ́ tí platelet wọn pọ̀ láti kékeré, àwọn ọmọdé kan sì wà tí jíìnì NBEAL2 wọn bàjẹ́ tí mùdùnmúdùn wọn fi lè ní fọ́nrán. Ti màmá tó lé lọ́gọ́ta ọdún kí ó tó bẹ̀rẹ̀ kò jọ ìyẹn.

Ti oògùn, bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. MPL ni ibi tí thrombopoietin, èròjà tó ń sọ pé kí wọ́n ṣe platelet, ti ń kanlẹ̀kùn lójú sẹ́ẹ̀lì, JAK2 wà lábẹ́ ẹ̀, òun ló ń gbé ìròyìn wọlé pé kí wọ́n ṣe sẹ́ẹ̀lì sí i. V617F á mú JAK2 máa ṣiṣẹ́ láì dúró. Tó bá jẹ́ MPL ló yí padà, òun fúnra ẹ̀ á máa dún bí agogo ẹnu ọ̀nà tí wọ́n tẹ̀ tí kò padà mọ́. CALR tó yí padà á lọ lẹ̀ mọ́ MPL, á máa tẹ̀ ẹ́. Ọ̀nà tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gbà, JAK2 náà ni, nítorí ẹ̀ ni ruxolitinib, ọ̀kan nínú JAK inhibitor yẹn, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà ní 2011, fi ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tí JAK2 ẹ̀ negative náà. Ó ń mú spleen fà sẹ́yìn, òógùn òru á dín kù, oúnjẹ á máa wọlé. Kò ní kó àìsàn náà nílẹ̀ o, ó sì lè mú PCV lọ sílẹ̀ sí i lákọ̀ọ́kọ́, ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 25 dókítà gbọ́dọ̀ fara balẹ̀ wò ó kó tó bẹ̀rẹ̀.

ỌmọÌyáMẹ́rin

Ẹ ṣeun o, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ka ti nọ́ọ̀sì sétí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lórí fóònù. Dókítà náà ti gbà pé káwọn ṣe CALR àti MPL, ọjọ́ tí wọ́n máa gé eegun yẹn gan-an ni wọ́n máa gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń sọ pé òun máa ṣe JAK2 tòun, pé kóun tètè mọ̀ sàn ju kóun máa gbé ayé nínú òkùnkùn. Ṣé kí n jẹ́ kó ṣe é?

Nọ́ọ̀sì_Àgbà

Tí ẹ̀jẹ̀ wọn bá dáa, FBC wọn, ìyẹn iye sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀, ò lọ sókè sódò, spleen wọn ò wú, mi ò ní bá wọn sọ ọ́. Àwọn àgbàlagbà wà tí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ wọn tí wọ́n rí JAK2 tó yí padà díẹ̀ níbẹ̀ tí wọn ò sì ṣàìsàn kankan títí wọ́n fi lọ. Tí wọ́n bá rí i lára wọn lónìí, oògùn wo ni wọ́n fẹ́ fún wọn? Kò sí, ìfòyà ni wọ́n máa gbé lọ sílé. FBC lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tó.

Tí ẹ̀jẹ̀ ẹbí bá máa wúlò fún nǹkan kan, HLA ni, tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá sẹ́ẹ̀lì ẹnì kan bá ti ẹlòmíì mu. Fífi stem cell ẹlòmíì sí èèyàn lára nìkan ló ń wo myelofibrosis sàn tán, ewu ẹ̀ sì pọ̀, kì í ṣe gbogbo aláìsàn ni wọ́n ń ṣe é fún, ẹni tí àìsàn rẹ̀ bá ń rìn díẹ̀díẹ̀ wọ́n á kàn máa ṣọ́ ọ ni. Tí wọ́n bá ní ti màmá máa débẹ̀, àwọn àbúrò àti ẹ̀gbọ́n màmá tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá ọmọ bàbá ni wọ́n kọ́kọ́ máa pè, ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ní ìdá kan nínú mẹ́rin pé kí HLA wọn bá ti màmá mu délẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, ìdajì lẹ máa bá a mu torí ìdajì tó kù ti bàbá yín ni, àwọn ibì kan sì ti ń lo ìdajì yẹn náà.

ỌmọÌyáMẹ́rin

Màmá ní àbúrò méjì, ọ̀kan lára wọn ni wọ́n jọ jẹ́ ìyá jẹ́ bàbá. Kó tó kan ìyẹn ká kọ́kọ́ gba èsì ná. Ará_Lábù, ṣé nǹkan kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ fún wọn lọ́jọ́ náà?

Ará_Lábù

Ẹ wo fọ́ọ̀mù tí wọ́n bá kọ ránṣẹ́ sí lábù, kí wọ́n kọ dry tap síbẹ̀, kí wọ́n kọ bí spleen ṣe tóbi tó, kí wọ́n sì béèrè fún reticulin pẹ̀lú grade ẹ̀, torí ẹni tó ń ka slide láì mọ ohun tí wọ́n ń wá lè kọ "fibrosis wà" kó sì dákẹ́ síbẹ̀. Tí màmá bá ti ní PCV tó ga jù tàbí platelet tó pọ̀ jù rí láwọn ọdún tó kọjá, ẹ wá èsì àtijọ́ yẹn rí, torí polycythaemia àti thrombocythaemia lè yí padà di myelofibrosis, orúkọ tí wọ́n máa pè é á sì yàtọ̀. Àti ẹ̀jẹ̀ fún CALR yẹn, inú tùbù EDTA ni kí wọ́n fà á sí, èyí tí ìdérí rẹ̀ pọ́pù, kì í ṣe ti heparin, heparin máa ń da PCR, ọ̀nà tí a fi ń wá jíìnì náà, rú.